Ìwé ìtàn ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì: báwo lẹ ṣe ń mọ èyí tó ṣeé gbà gbọ́ lára èyí tó kàn dùn?

Gìtá_Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, gbogbo ilé. Àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ gìtá ní kí n wá ìwé kan fún òun nípa Led Zeppelin. Hammer of the Gods ni mo kọ́kọ́ nawọ́ sí, èyí tí Stephen Davis kọ jáde lọ́dún 1985, torí òun lèmi náà fi wọ agbo rọ́ọ̀kì. Mo kà á mọ́jú nígbà náà, mi ò jẹun alẹ́.

Nígbà tí mo fẹ́ fi lé e lọ́wọ́ ni mo dúró. Ẹni tí ọ̀pọ̀ ìtàn inú ìwé yẹn ti ẹnu rẹ̀ wá ni Richard Cole, ẹni tó ń ṣètò ìrìn àjò wọn, tí wọ́n sì lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní 1980. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ti sọ ọ́ ní gbangba pé ìwé náà kò rí bí àwọn ṣe rí. Síbẹ̀, kò tíì sí ìwé mìíràn nípa wọn tó gbá mi mú tó bẹ́ẹ̀.

Kí lẹ̀yin fi ń wọn ìwé irú èyí? Àti pé, ọmọ ọdún 16 tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ṣé èyí tó dùn lẹ máa fún un, àbí èyí tó ṣeé fọkàn tán?

Kọ́lá_Onílù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún un ní èyí tó dùn. Ọmọ tó ń kọ́ gìtá kì í ṣe adájọ́. Èmi, The Dirt ni, ìwé tí àwọn Mötley Crüe àti Neil Strauss jọ kọ ní 2001. Ohun tó mú mi nínú rẹ̀ ni pé ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ló ń sọ tẹnu rẹ̀, orí tẹ̀lé orí. Èyí á ní báyìí ló ṣe ṣẹlẹ̀, èkejì á gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ní orí tó kàn, á ní kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kò sí òǹkọ̀wé kan tó jókòó sáàárín tó ń ṣe bí ẹni tó mọ ohun gbogbo. Ẹnu oníkàn la ti í gbọ́ pọ̀n-ún.

Àdùkẹ́_Peckham

Kọ́lá, àbúrò mi, oníkàn kì í sọ pé ikàn òun korò.

Ọdún 1968 ni Hunter Davies kọ ìwé àwọn Beatles pẹ̀lú àṣẹ àwọn fúnra wọn. Ó bá wọn jókòó, ó wọlé àwọn òbí wọn, ó wà níbi tí wọ́n ti ń kọ orin. Ìwé dáadáa ni, mo ṣì ń padà sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba àṣẹ, ó ní ohun tó gbọ́dọ̀ fò. Nígbà tí John Lennon bá ìwé ìròyìn Rolling Stone sọ̀rọ̀ ní 1970, ó fẹ̀sùn kan ìwé náà pé wọ́n fi ọ̀pọ̀ nǹkan pamọ́ nínú rẹ̀. Oníkàn fúnra rẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀ o, ọdún méjì péré lẹ́yìn tó ti fọwọ́ sí i.

Ẹ wá wo ìtàn Blackpool. Ọdún 1946 ni, John jẹ́ ọmọ ọdún 5. Alf bàbá rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun, ti mú un lọ síbẹ̀; Julia ìyá rẹ̀ wá gbà á. Ìtàn tí gbogbo wa kà dàgbà ni pé wọ́n gbé ọmọ sáàárín, wọ́n ní kó yan ọ̀kan. Ó yan bàbá. Ìyá kọ̀yìn, ó ń lọ, ọmọ bú sẹ́kún, ó sáré tẹ̀ lé e. Mo sunkún nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Ìwé lórí ìwé ló sì fi ìran yẹn ṣàlàyé gbogbo oró tó wà nínú orin Lennon.

Ẹnu Alf nìkan ni ìtàn yẹn ti jáde. Mark Lewisohn, òǹkọ̀wé ìtàn àwọn Beatles, wá lọ wá ọkùnrin tí wọ́n wà nílé àwọn òbí rẹ̀ lọ́jọ́ náà kàn: Billy Hall, ọ̀rẹ́ Alf. Hall ní kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Àwọn òbí méjèèjì sọ̀rọ̀ ní pẹ̀lẹ́ nínú yàrá iwájú, wọ́n fẹnu kò, ọmọ bá ìyá rẹ̀ lọ. Ó wà nínú Tune In, ìwé Lewisohn tó jáde ní 2013.

Tí ẹ bá bi mí, èyí tó ṣẹlẹ̀ gan-an ló dùn mí jù. Ọmọ kékeré kan wà nínú ilé, àwọn àgbà ti ilẹ̀kùn, wọ́n pín in láàárín ara wọn, kò sí ẹni tó bi í ní nǹkan kan. Mi ò gbà pé òtítọ́ kò ní adùn tirẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ ló ṣọ̀wọ́n.

Kọ́lá_Onílù

Ẹ̀gbọ́n Àdùkẹ́, mo gbọ́ yín, ọ̀rọ̀ Blackpool yẹn wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà gígùn Tune In lé ní ojú-ìwé 1,700, ìparí 1962 ló sì bá a dé! Beatles kò tíì di Beatles tán. Ọmọ ọdún 16 wo ló fẹ́ gbé ìyẹn? Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ la fi ń ra èké.

Àdùkẹ́_Peckham

Ẹ̀dà kékeré wà. Mo sì ti rí ọmọdé tó ka Bíbélì tán.

Ọmọ_Apápá

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀nà tèmi. Ìwé yòówù tó bá jẹ́ ti Paul McCartney, ọ̀kan lára àwọn Beatles, orí tó kan Èkó ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí. Apápá ni wọ́n bí mi sí, ilẹ̀ yẹn kò ṣàjèjì sí mi.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ìtàn náà: nínú oṣù Kẹjọ 1973, Paul kó ẹgbẹ́ Wings wá sí sítúdíò EMI ní Wharf Road láti ṣe àwo Band on the Run. Ìrìn àjò ku dẹ̀dẹ̀ nígbà tí Denny Seiwell onílù wọn àti Henry McCullough tó ń ta gìtá fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Paul, Linda ìyàwó rẹ̀ àti Denny Laine ló kù, pẹ̀lú Geoff Emerick tó ń bójú tó ẹ̀rọ. Paul ló bẹ̀rẹ̀ sí lu ìlù fúnra rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí òun àti Linda ń fẹsẹ̀ rìn, àwọn kan fi ọ̀bẹ dá wọn dúró, wọ́n gba kásẹ́ẹ̀tì tí orin tuntun wà nínú rẹ̀. Fẹlá náà fẹ̀sùn kàn án pé orin aláwọ̀ dúdú ló wá jí kó, Paul sì ní kó wá gbọ́ ohun tí àwọn ti ṣe. Títí dé ibí yìí, gbogbo ìwé ló fẹnu kò.

Láti ibi kéékèèké ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí ni wọ́n pe Fẹlá? Ransome-Kuti ló ṣì ń jẹ́ ní 1973, ọdún 1975 ló tó gba Aníkúlápó. Owó wo ni wọ́n ní wọ́n ń ná? Náírà ti rọ́pò pọ́n-ùn láti ọjọ́ kìíní ọdún yẹn. Ibo ni wọ́n fi sítúdíò Ginger Baker, onílù òyìnbó yẹn, sí? Ìkẹjà ló wà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ṣe orin Picasso's Last Words. Ìyókù, Apápá ni. Ta ni wọ́n ní ó jẹ́ ọmọ Áfíríkà nínú àwo náà? Remi Kabaka ni, ọmọ Èkó, òun ló lu ìlù ọwọ́ nínú Bluebird, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n sì ti gba ìyẹn sílẹ̀, kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n á tún kọ ọ́ pé ìgbà monsoon ni, bí ẹni pé Íńdíà ni Èkó. Ẹni tó bá ṣìnà níbi tí mo mọ̀, báwo ni n ó ṣe tẹ̀ lé e lọ sí Liverpool tí n kò dé rí?

Àmọ́ kì í ṣe àwọn àṣìṣe yẹn ló ń dùn mí jù. Ojú tí wọ́n fi wò wá ni. Wọ́n máa ń ṣàpèjúwe sítúdíò yẹn bí ahéré tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣe nǹkan gidi nínú rẹ̀ bí kò bá ṣe Paul. Lóòótọ́, ẹ̀rọ rẹ̀ kò tó ti Lọ́ńdọ̀nù, tráàkì 8 ló ní. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1973 kan náà ni EMI Nàìjíríà gbé Gentleman ti Fẹlá jáde. Òun ló gbé Chapter One ti BLO jáde. Òun ló gbé Try and Love ti Ofege jáde, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ St. Gregory's tí wọ́n ṣì wà nínú yunifọ́ọ̀mù! Ìwé mélòó ló sọ fún ẹni tó ń kà á pé rọ́ọ̀kì ti ń hó nínú ìlú yẹn kí ọkọ̀ òfuurufú Paul tó balẹ̀? Ooru, kòkòrò àti olè nìkan ni wọ́n rí. Òǹkọ̀wé tí kò rí odindi ìlú, mo máa ń bẹ̀rù ohun mìíràn tí kò rí.

Èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn jù ni The McCartney Legacy, ìdìpọ̀ kìíní, tí Allan Kozinn àti Adrian Sinclair kọ ní 2022. Láti 1969 dé 1973 nìkan ni, ó sì nípọn bíi búlọ́ọ̀kù, ṣùgbọ́n wọ́n ń tọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀ pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ lọ́wọ́.

Tinúkẹ́_Akúrẹ́

Ọmọ Apápá, ẹ ṣeun. Mo fara mọ́ gbogbo rẹ̀ àyàfi ọ̀rọ̀ monsoon. Jọ́gíráfì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Atẹ́gùn tó ń gbé òjò wá láti orí òkun sí ilẹ̀ tiwa yìí, monsoon náà ni àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ń pè é, kì í ṣe ti Íńdíà nìkan. Oṣù ni kí ẹ fi mú òǹkọ̀wé. Oṣù Kẹfà àti Keje ni òjò Èkó máa ń pọ̀ jù. Nínú oṣù Kẹjọ ó máa ń sinmi díẹ̀, kó tó tún bẹ̀rẹ̀ ní Kẹsàn-án. Tí ẹnì kan bá kọ ọ́ pé òjò ò dá láti ọjọ́ tí Wings ti sọ̀ kalẹ̀, ẹ bi í pé ibo ló ti gbọ́.

Ọmọ_Apápá

Ẹ ṣé gan-an ni, mà. Ìwé méjì ni mo ti torí ọ̀rọ̀ yẹn dá lẹ́bi. Mo máa padà lọ tún wọn kà.

Gìtá_Mọ́kọ́lá

Ohun tí mo ń rí kọ́ níbí pọ̀. Mo rántí ìwé kan báyìí: No One Here Gets Out Alive, ti Jim Morrison, olórin ẹgbẹ́ The Doors, tí Jerry Hopkins àti Danny Sugerman kọ ní 1980. Morrison kú ní Paris lọ́jọ́ 3 oṣù Keje 1971, wọn kò ṣàyẹ̀wò òkú rẹ̀, wọ́n sin ín. Dípò kí ìwé náà fi í sílẹ̀ síbẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀ pé bóyá kò kú. Ìwé náà tà, ó tà, ó tà. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, ojú-ìwé yẹn nìkan ni mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bi mí nípa orin rẹ̀.

Àdùkẹ́_Peckham

Nǹkan kan tún kù tí a kò tíì fọwọ́ kàn: inú òǹkọ̀wé. Ọjọ́ lè pé, orúkọ lè pé, kí ìwé ṣì fì. Philip Norman kọ Shout!, ìtàn àwọn Beatles, ní 1981. Ó mọ̀ ọ́n kọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń ṣàn bí omi. Ṣùgbọ́n tinútinú ló fi gbè sẹ́yìn Lennon, tí wọ́n pa ní oṣù Kejìlá 1980, ó sì fi ojú kékeré wo Paul. Òun náà ló sọ pé Lennon ni ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin Beatles. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti inú ìwé yẹn mú èrò tí wọ́n ní nípa Paul títí dòní, wọn kò tilẹ̀ mọ ibi tó ti wá.

Ní 2016, Norman yìí kan náà kọ ìtàn ìgbésí ayé Paul, Paul kò sì dí i lọ́nà. Nínú rẹ̀ ló ti gbà pé òun kò ṣe é bó ṣe tọ́ sí i nígbà yẹn. Mo bọ̀wọ̀ fún un fún ìyẹn. Ọdún 35 ló wà láàárín ìwé méjèèjì. Tí mo bá ń ka ìtàn ẹgbẹ́ kan báyìí, mo máa ń wá ẹni tí òǹkọ̀wé kò fẹ́ràn nínú wọn, mo sì máa ń wò ó bóyá ó jẹ́ kí onítọ̀hún sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àgbọ́ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Kọ́lá_Onílù

Èyí ni mo fara mọ́ jù. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn The Dirt náà nìyẹn, kò sí ẹni tí wọn kò gbà láàyè kó sọ̀rọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ìwé wo ló wà nípa BLO? Gbogbo ẹnu tí mo fi ń sọ̀rọ̀ Mötley Crüe yìí, mi ò mọ̀ ju orúkọ mẹ́ta lọ nípa BLO.

Ọmọ_Apápá

Berkley Jones, Laolu Akins, Mike Odumosu. Lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ wọn ni o: B ni Berkley, L ni Laolu, O ni Odumosu. Wá Wake Up You! ti Uchenna Ikonne, ó jáde ní 2016 ní ìdìpọ̀ méjì, àwo orin sì bá a rìn. Rọ́ọ̀kì Nàìjíríà láti 1972 dé 1977 ló dá lé. Ẹ wo bó ṣe pẹ́ tó kó tó dé ọwọ́ wa. Nípa àwọn Beatles, a ń jà lórí ohun tí wọ́n sọ nínú yàrá kan ní Blackpool. Nípa àwọn tiwa, a kò tíì bi àwọn tó wà nínú yàrá tán, wọ́n sì ń dàgbà.

Bàbá_Àwo

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Mo ta àwo ní Yábàá títí CD fi gbà á lọ́wọ́ wa. Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ìwé, ó dára, ṣùgbọ́n ìròyìn kò tó àfojúbà. Èmi fi ojú mi méjèèjì rí Paul McCartney ní Apápá lọ́dún 1973. Inú ọkọ̀ ló wà, irun rẹ̀ gùn, ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí ìwé tó lè kọ́ mi ní ìyẹn.

Gìtá_Mọ́kọ́lá

Ẹ kú àgbà, sà! Inú mi dùn pé ẹ wà láàárín wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ púpọ̀ sí i.

Ọmọ_Apápá

Ẹ kú àgbà, bàbá wa. Mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ má bínú sí mi, ṣé mo lè bi yín ní ohun tí a máa ń bi ìwé? Oṣù wo ni ẹ rí i, sà? Ta ló sọ fún yín lọ́jọ́ yẹn pé òun ni?

Àdùkẹ́_Peckham

Rọra o, Ọmọ Apápá.

Bàbá_Àwo

Kò ṣẹ̀ mí. Ìbéèrè ọmọlúàbí ni. Ẹ jẹ́ kí n rò ó, n ó padà wá.

Gìtá_Mọ́kọ́lá

Kí bàbá tó dé: mo ti fún àbúrò mi ní Hammer of the Gods. Ṣùgbọ́n mo fi ọjọ́ méjì mú pẹ́ńsù, mo kọ "Cole" sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ibi tí mo rí i pé ọ̀rọ̀ ti ẹnu rẹ̀ wá. Ó ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì. Àkọ́kọ́, ó ní kí ló dé tí Cole pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì, tí kò sì sí níbi tí wọ́n ti ń ṣe orin. Èkejì, ó ní kí n kọ́ òun ní bí wọ́n ṣe ń ta ìbẹ̀rẹ̀ Kashmir, orin Led Zeppelin.

Kọ́lá_Onílù

Ọmọ yẹn ti kà á jù wá lọ.

Bàbá_Àwo

Mo ti padà dé. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń sọ ìtàn yìí ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn oníbàárà mi mọ̀ ọ́n. Mo jókòó, mo ya ohun tí mo rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí mo gbọ́. Mo rí òyìnbó ọkùnrin kan tí irun rẹ̀ gùn, àti obìnrin kan, nínú ọkọ̀ tó dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Kò sí ẹni tó dárúkọ Paul létí mi lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní wáàfù ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé olórin Beatles kan wá sí EMI. Èmi ni mo so méjèèjì pọ̀.

Mo pe ìyá àwọn ọmọ mi, mo bi í. Ó ní òun rántí ọjọ́ tí mo wọlé tí mo ní mo rí òyìnbó onírun gígùn, nítorí òun ń fún àkọ́bí wa lọ́mú lọ́wọ́. Oṣù Kejì 1974 la bí àkọ́bí wa.

Ọmọ_Apápá

Wọ́n ti kúrò ní Èkó láti oṣù Kẹsàn-án 1973, sà.

Bàbá_Àwo

Mo mọ̀, ọmọ mi. Mo ti kà á nínú ohun tí o kọ sókè.

Àdùkẹ́_Peckham

Bàbá, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín kan kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ ṣe sọ ọ́ yìí gan-an, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìyá wa nínú rẹ̀, àti gbogbo ohun tí ẹ bá rántí nípa ṣọ́ọ̀bù yín ní Yábàá: àwọn àwo tó ń tà, àwọn olórin tó ń wọlé. Èyí tí ẹ fojú rí nìkan.

Ọmọ_Apápá

Mo wà ní Èkó, sà. Mo lè wá lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀. Ọkọ̀ wo ni wọ́n wà nínú rẹ̀?

Bàbá_Àwo

Peugeot 404, funfun. Gíláàsì ẹ̀yìn wà ní sísọ̀kalẹ̀, obìnrin yẹn sì gbé ọwọ́ rẹ̀ jáde. Ìyẹn, mo lè búra sí i. Máa bọ̀ ní aago mẹ́wàá.